Bí Mo Ṣe Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Àǹtí Mi ní Ìtálì

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìlaró, ohun méjì ni àwọn èèyàn ń bi mí: ṣé òtútù ibẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń wí, àti pé kí ló dé tí mo fi padà wálé. Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ìparí òtútù ni mo bá pàdé, síbẹ̀ súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn, àwọn onílùú sì ń wò mí bí ẹni tó wọ agbádá lọ sóko ẹ̀gẹ́. Ti èkejì náà ò le: kọ́ọ̀sì oṣù díẹ̀ ni mo lọ ṣe, ó parí, mo bọ̀. Kí àwọn tó ti ń retí pé màá sá lọ má bínú sí mi.

Mi ò ní í sọ ìtàn físà àti ti pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó ti ṣe é mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò tíì ṣe é, kí n má ba ọkàn rẹ̀ jẹ́ láìnídìí. Bí ibẹ̀ ṣe rí ni mo fẹ́ sọ, àti ìjókòó ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n fi mí ṣe ògbifọ̀, tí iṣẹ́ Àǹtí mi àti ilé tí wọ́n ń gbé sì wà lórí rẹ̀.

Ìlú abẹ́ òkè

Àǹtí Múlíkà ni àbúrò tó tẹ̀lé ìyá mi. Ìdógò ni wọ́n bí wọn sí, gàrí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ kí wọ́n tó rìnrìn-àjò. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí Àǹtí ti ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbàlagbà kan ní ìlú kékeré kan lábẹ́ òkè ní àríwá Ìtálì. Àwọn ló ń dáná fún ìyá náà, àwọn ló ń wẹ̀ wọ́n, àwọn ló ń mú wọn rìn yí ọgbà ká. Yàrá kan nínú ilé ìyá náà ni Àǹtí ń sùn. Ìwé ìgbélùú wọn so mọ́ iṣẹ́ yẹn. Bí iṣẹ́ bá bọ́, yàrá á bọ́, ìwé náà á sì di ọ̀rọ̀ àdúrà.

Èmi ní tèmi, èdè Faransé ni mo kà ní yunifásítì. Fún ọmọ Yewa, ìyẹn kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Bí èèyàn bá ti ń lọ sọ́nà Ìfọ̀nyìntẹ̀dó létí ẹnubodè, lẹ́nu àwọn oníṣòwò ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu tíṣà. Mo fi Ìtálì lé e nítorí pé àwọn méjèèjì jọra. Ìyá àgbàlagbà náà sì gbà kí n máa sùn lórí àga gbọọrọ ní pálọ̀ wọn títí kọ́ọ̀sì mi yóò fi parí.

Àǹtí wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ti pẹ́ tí a ti fojú kan ara wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí n tó dìde, ọkùnrin kan ti sáré dé, ó ti gbá mi lápá mú, obìnrin kan sì ti ń ṣí ìdérí ike omi.

“Dìde, Gàní, dìde!” Àǹtí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń wò yíká. “Wọ́n á pe áńbúláǹsì fún ẹ o!”

Ọkùnrin yẹn ò gbà pé ara mi le. Ó bi mí léraléra bóyá mo ti jẹun. Mo mu omi obìnrin náà kí ọ̀rọ̀ lè parí.

Ní Ìlaró, wọ́n ti sọ fún mi pé òyìnbó kì í kí èèyàn. Mo yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ní ìlú tí mo dé. Ẹni tó bá wọ ilé kọfí á kí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé á sì dáhùn. Bó bá ń jáde, á tún kí wọn. Mo tún rò pé wọn ò ní “ẹ kú iṣẹ́”. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní in, mo sì ń lò ó fún àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe. Ohun tí wọn ò ní ni “ẹ kú ìjókòó”. Mo gbìyànjú láti túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn bàbá kan tó jókòó tí wọ́n ń fi káàdì ṣeré. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, “Ọmọ yìí ń bú wa pé a ò níṣẹ́.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ra kọfí fún mi. Ife tí wọ́n fi gbé e wá ò tó èyí tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ẹ̀ẹ̀kan ni èèyàn á gbé e mì, lórí ìdúró.

Oúnjẹ àgbàdo

Màmá ni mo ń pe ìyá onílé. Wọ́n kéré lójú, wọ́n gbẹ bí ẹja tí wọ́n yan, ẹnu wọn sì mú. Kò tó ọjọ́ kan tí wọ́n fi sọ mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, mi ò sì mọ̀ títí di òní bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀fẹ̀.

Àwọn àti Àǹtí a máa jà nídìí oúnjẹ láràárọ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, Àǹtí rẹ fẹ́ fi ata pa mí.”

“Jẹun, Màmá,” Àǹtí á wí ní Ìtálì tiwọn, èyí tí kò ju ti ilé ìdáná àti ti ọjà lọ.

“Mo ti jẹ!”

“Tún jẹ.”

Màmá á jẹ, wọ́n á sì máa kùn. Bí Àǹtí bá jáde lọ ra nǹkan, Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ibi tí wọ́n lọ, ìgbà tí wọ́n máa dé, àti ìdí tí wọ́n fi pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ibẹ̀ tó sún mọ́ tiwa jù ni àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n máa ń rò títí tó fi ki. Polenta ni wọ́n ń pè é. Ó wà láàárín ẹ̀kọ àti túwó, àmọ́ ó sún mọ́ túwó jù. Wọ́n á dà á sórí pákó, Màmá á sì fi okùn òwú gé e wẹ́wẹ́, kì í ṣe ọ̀bẹ. Àǹtí ò ní sùúrù fún okùn. Wọ́n á ya tiwọn sọ́tọ̀, wọ́n á bù ú lókèlè, wọ́n á sì fi ilá gbígbẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ìdógò se ọbẹ̀ tí wọ́n á fi jẹ ẹ́. Màmá á máa wo bí ọbẹ̀ náà ṣe ń fà.

“Ó wà láàyè,” wọ́n á wí fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọbẹ̀ yẹn ṣì wà láàyè.”

Ọmọdé ni èdè Ìtálì ń sọ èèyàn dà. Mo ti gboyè jáde ní yunifásítì, síbẹ̀ ọmọbìnrin tó ń ta bùrẹ́dì ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú, bí ẹni ń bá ọmọ ọdún méjì sọ̀rọ̀. Mo bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo yáa gbé ìbínú mi padà sílé.

Orúkọ

Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo wà ní kíláàsì, Màmá yọ̀ ṣubú nínú bàlùwẹ̀. Àǹtí pe áńbúláǹsì, wọ́n sì tẹ̀lé e dé ilé ìwòsàn. Ọrùn ọwọ́ ló sán díẹ̀, ẹ̀rù sì ba Màmá, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan bi Àǹtí léèrè orúkọ aláìsàn.

“Màmá,” ni Àǹtí wí.

Nọ́ọ̀sì ní òun mọ̀ pé màmá ni, orúkọ wọn ńkọ́. Àǹtí ní, “Màmá àgbà.” Nọ́ọ̀sì tún bi í. Àǹtí wo ilẹ̀.

Nígbà tí Lùṣíà, ọmọbìnrin Màmá, sáré dé láti ìlú tó ń gbé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, àwọn nọ́ọ̀sì ò sì tíì mọ orúkọ wọn síbẹ̀. Kò pariwo. Ó bi Àǹtí bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti ń gbé pẹ̀lú ìyá òun láti ọdún wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà ó sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti rí àyè fún ìyá òun ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, pé lọ́jọ́ Àìkú òun máa wá kí a jọ sọ ọ́ parí, àti pé kí n wà níbẹ̀ láti túmọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá Àǹtí níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ.

“Àǹtí, ṣé ẹ ò mọ orúkọ Màmá ni?”

“Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà níta ni, gàdàgbà?”

“Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ ọ́?”

Wọ́n gbé aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. “Gàní, ìwọ lo lọ sílé ìwé. Ìyá dùbúlẹ̀, wọ́n ń wojú mi. Kí n wá la ẹnu, kí n pe orúkọ wọn ní gbangba fún ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ-ọmọ? Ṣé orí mi pé?”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Mo mọ̀ pé irọ́ kọ́. Ìyàwó tó bá wọ ilé ní apá ọ̀dọ̀ wa kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọdé. Orúkọ mìíràn ló máa fún un. Títí di òní, Akọ̀wé ni ìyá mi ń pe àbúrò bàbá mi tó kéré jù, ọkọ̀ akẹ́rù sì ni bàbá yẹn ń wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé nọ́ọ̀sì yẹn ò lè mọ èyí, àti pé Àǹtí ì bá sọ orúkọ náà sí i létí. Mi ò sọ ìyẹn jáde.

“Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún Lùṣíà.”

“Ṣàlàyé kí ni? Kí ó lè sọ pé mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi wí àwáwí? Rárá. Ohun tí mo bá sọ ni kí o túmọ̀. Má fi tìrẹ kún un.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà á ti kíyè sí i pé mi ò tíì kọ orúkọ Màmá síbí. Mi ò ní í kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀nà mẹ́ta

Lọ́jọ́ Àìkú, Lùṣíà dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Màmá wà lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ wọn. Àǹtí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èmi wà láàárín. Lùṣíà dúró.

Ó ní òun ò fẹ́ kí Àǹtí sọ Yorùbá, torí pé òun ò ní í mọ ohun tí àwa méjèèjì bá jọ ń sọ. Kí Àǹtí sọ Gẹ̀ẹ́sì. Òun kọ́ díẹ̀ níléèwé, òun á máa tẹ́tí sí i. Mo rò pé ìyẹn bójú mu. Bí mo bá wà ní ipò rẹ̀, ohun tí màá ṣe náà nìyẹn.

Àǹtí tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní: “I care for Mama. I care for her very well.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìyọnu. Kò sí ọ̀rọ̀ Ìtálì kan tó lè gbé “care” yìí tán. Wọ́n ní badare, èyí tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ, àgùntàn, tàbí ìkòkò tó wà lórí iná. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ irú iṣẹ́ tí Àǹtí ń ṣe. Wọ́n ní curare, ṣùgbọ́n ti oníṣègùn nìyẹn. Bí mo bá lò ó, Lùṣíà lè bi mí ìgbà tí Àǹtí di dókítà. Wọ́n sì ní voler bene, tó jẹ́ ti ọkàn, ohun tí ìyá máa ń sọ fún ọmọ. Mo ti rí i bí Àǹtí ṣe ń wẹ Màmá. Mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ọbẹ̀ kó tó dé ẹnu Màmá. Àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ kí Àǹtí sọ pé àwọn nífẹ̀ẹ́ Màmá, mi ò sì lè fi ẹnu mi jẹ́rìí sí ohun tí mi ò gbọ́. Mo mú badare, torí pé òun ni mo lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

“Mo mọ̀,” ni Lùṣíà wí. “Iṣẹ́ tí a gbà á fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ. Tíṣà wa ní ọ̀rọ̀ yẹn wà fún ọkàn náà. Èwo ló ní lọ́kàn?”

Ó tọ̀nà. Mo gbà fún un pé ó tọ̀nà, mo sì yíjú sí Àǹtí, mo fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ ni tàbí ìfẹ́.

Àǹtí gbàgbé òfin. “Gàní, irú ìbéèrè rádaràda wo nìyẹn? Níwájú Màmá fúnra wọn? Kí n máa sọ ìfẹ́ kiri bí ọmọge?”

“Gẹ̀ẹ́sì, Àǹtí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní.”

“I care! I care, I care, I care. Ó tán.”

“Kí ni ‘ó tán’?” ni Lùṣíà béèrè lójú ẹsẹ̀.

“Wọ́n ní ó parí.”

“Kò tíì parí.” Lùṣíà ò gbé ohùn rẹ̀ sókè, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. “Bó bá jẹ́ ti ọkàn, kó pe orúkọ màmá mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Nísinsìnyí. Màá gbà á gbọ́, màá sì lọ.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àǹtí gbọ́ ọ yékéyéké. Wọ́n wo Màmá, wọ́n sì wo ilẹ̀. Mo ń rò ó pé orúkọ kan ṣoṣo ni, ó kúrú, kò le láti pè, kí wọ́n kàn sọ ọ́ kí a lè lọ mu kọfí. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé àṣà wa fúnra mi, mo sì rántí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Mo pa á dé.

Màmá ló sọ̀rọ̀.

“Lùṣíà, ìyá bàbá rẹ. Kí ni mo máa ń pè é?”

Lùṣíà yíjú sí wọn. “Màmá àgbà?”

“Ìwọ lo máa ń pè é ní màmá àgbà. Èmi ńkọ́?”

Lùṣíà ronú. Ó tún ronú. “Mi ò rántí pé ẹ pè wọ́n ní nǹkan kan. ‘Ẹ̀yin’ ni ẹ máa ń sọ fún wọn.”

“Mo bá a nílé ni. Kò sí ìyàwó tó jẹ́ dán an wò nígbà ayé wa. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo fún un lóúnjẹ, nígbà tó sì kú, èmi ni mo wọṣọ fún un. Mi ò pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ìwọ lè sọ pé mi ò mọ orúkọ rẹ̀?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Àǹtí ní Yorùbá, kò sì sí ẹni tó dá mi dúró.

“Ẹ̀n-ẹ́n!” Àǹtí gbérí. “Sọ fún un pé ilé onílé ni mo wọ̀. Mo bá Màmá níbí, mo bá òun náà níbí. Ta ni mo jẹ́?”

Lùṣíà bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Mo sọ ohun tí mo mọ̀: pé àwọn ìyàwó òde òní kan ti ń pe orúkọ, pé ìyá mi ò jẹ́ ṣe é, àti pé dípò rẹ̀, wọ́n máa ń wá orúkọ tó dára fún ẹni tí wọ́n bá nílé.

“Ṣé òun wá orúkọ fún mi?” Màmá ti fi ọwọ́ tó gbádùn di ọwọ́ àga mú, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

Àǹtí bojú. Mo ní láti bẹ̀ wọ́n.

“Eyínfúnjowó,” ni wọ́n wí níkẹyìn, wọ́n sì kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Mo túmọ̀ rẹ̀: ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Màmá wò mí, wọ́n wo Àǹtí. Wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹnu, wọ́n yọ gbogbo eyín òkè, àtọwọ́dá ni, wọ́n gbé e síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bà á, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Àǹtí ń rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Lùṣíà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní òun á pè wọ́n ní ilé ìtọ́jú yẹn lọ́la, kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní àyè náà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀, Àǹtí sì fi orí kan ilẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí wọ́n tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

“Ó ní òun bá èmi náà nílé,” ó sọ fún mi. “Èmi ńkọ́? Kí ni orúkọ mi?”

Mo bi Àǹtí. Wọ́n ronú sí i dáadáa kí wọ́n tó dáhùn.

“Sọ fún un pé mi ò tíì fún un ní ọ̀kankan. Ọjọ́ tó bá wá, lórí ìdúró ló máa ń wà. Kò tíì jókòó tì mí rí. Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó yẹ ẹ́?”

Ọ̀pọ̀ ògbifọ̀ ni ì bá rọ̀ ọ́ díẹ̀. Èmi náà rò ó. Mo sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí, láì fi nǹkan kan kún un, láì yọ nǹkan kan kúrò.

Lùṣíà gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó lọ fa àga láti ilé ìdáná, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Àǹtí, ó sì jókòó.